Àwàdà Òyìnbó, Ẹ̀rín Ifọ̀

Ràṣídì Akínbọ̀dé ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí nídìí iṣẹ́ yìí. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ogbó ti mú mi gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ifọ̀, tí wọ́n ń tẹ ìwé kékeré jáde fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ló wá bá mi nílé mi ní Mowe. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi, kí àwọn ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tí wọn ó yàn lè rí nǹkan dì mú. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan bírò títí Ràṣídì yóò fi wá jókòó níwájú mi, kó sọ ohun tó ṣe. Mo sọ fún wọn pé ọ̀gá wa, Alàgbà Fọlárìn, kú pẹ̀lú èrò pé èmi ni mo ba orúkọ wọn jẹ́, irọ́ tí Ràṣídì pa ló sì fa á. Mi ò béèrè owó, mi ò béèrè oyè. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó so irọ́ náà mọ́ mi lọ́rùn fẹnu ara rẹ̀ tú u, nígbà tí èmi àti òun ṣì wà láyé. Wọ́n jíṣẹ́ fún un. Ó wá. Ẹ máa gbọ́ ohun tó sọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n mú eré àwàdà tí àwọn Òyìnbó ìlú Ọba ṣe fún tẹlifíṣọ̀n wọn, kí n yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu wọn, kí n fi Yorùbá sí i, kí ará Ifọ̀ àti ará Ibafo lè jókòó tì í kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Akute, kí Alàgbà Fọlárìn tó gbọ́ mi níbi tí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ohùn mi kì í sáré. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Owó oṣù náà kò yẹ ní sísọ, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Alàgbà Fọlárìn ti gbé ìlú Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́, ìyá opó tó ni ilé tí wọ́n ń gbé máa ń pè wọ́n wá wo eré àwàdà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn Òyìnbó tí ojú wọn le bí òkúta lójú pópó ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé. Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kó fíríìjì àti mọ́tò bọ̀, kásẹ́ẹ̀tì fídíò kún àpótí méjì ni wọ́n kó dé. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wọn, nítòsí ojú irin, ni a ti ń ṣiṣẹ́. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo wa á pa ẹnu dé, a ó máa wo ara wa títí yóò fi lọ tán.

Fún oṣù mẹ́ta, wọn ò jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń mú mi wo eré kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, wọn á pa ohùn rẹ̀, kí n fi ojú nìkan mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń díbọ́n. Ìkejì, màá fi gèlè di ojú mi, kí n fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ìkẹta, wọn á ní kí n kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, kí n máa wo ojú àwọn aládùúgbò tí wọ́n pè wá.

"Dúpẹ́, kí lò ń wò lẹ́yìn?" Wọ́n á pariwo mọ́ mi. "O ti rí Òyìnbó rí. Ojú àwọn tó jókòó yìí ni mo ní kí o kà."

Mo ṣì rántí eré kan tí ọkùnrin kan ti ń sá fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Bí ìyá náà bá ti kan ilẹ̀kùn, ọkùnrin yìí á kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn Òyìnbó òǹwòran tí a ń gbọ́ nínú eré náà ń fi ìyá yẹn rẹ́rìn-ín kíkankíkan. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin aránṣọ kan tó jókòó níwájú mi fajú ro.

"Kí ni màmá yìí ṣe fún un? Ó kàn wá wo ọmọ ẹ̀ ni."

"Àna rẹ̀ dé, kò dọ̀bálẹ̀," ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáhùn, "ó wá lọ bá páálí àti bàtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù! Ọmọ tí wọn ò kọ́."

Nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù náà wá ya lulẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin yìí nínú, tí ó fara hàn níwájú àna rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya nídìí, ilé fẹ́rẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Alàgbà bi mí pé ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, sà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ìyá."

"Ta ló wá ni àwàdà náà? Ẹni tó ṣe é ni, àbí ẹni tó rẹ́rìn-ín?"

Wọ́n fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹni tó rẹ́rìn-ín ló ni ín. Òun ni kí o kọ ọ́ fún. Má sì yí ìtàn onítàn padà o!"

Bí wọ́n ṣe le tó nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ nígbà kan. Olówó kan ló bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ṣé òmùgọ̀ ni òun. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà sì fi Gẹ̀ẹ́sì tútù sọ pé kì í ṣe ipò òun láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà." Alàgbà fa ìwé náà ya. Mo tún un kọ, wọ́n tún fà á ya. Ní ọjọ́ kẹrin ni mo mú un wá pé, "Ẹnu mi kọ́ ni ayé ti máa gbọ́ ọ, sà." Wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn yí ojú sí ibi fèrèsé, èjìká wọn ń gbọ̀n. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn ọlọ́kadà Ifọ̀ ti ń fi gbólóhùn náà dá ara wọn lóhùn níbùdókọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí a kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wa lọ fún. Ó wọ táì, ó na ẹsẹ̀, ó ní àwàdà Òyìnbó ti jinlẹ̀ jù fún àwọn ará ìlú kékeré, pé ẹni tí kò bá tíì dé ìlú Ọba kò lè gbọ́ ọ yé. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo ti fẹ́ dá a lóhùn láti ìgbà náà. Àwọn ará ìlú kékeré yìí rí ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ tún ń tọrọ àforíjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n rí aládùúgbò méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jà, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ara wọn dípò kí wọ́n bú ara wọn lórí ògiri. Wọ́n rí ilé tó ń jó, tí ẹnì kan sì ń gbé omi kaná fún tíì. Èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni ọlọ́lá tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì ń wọ aṣọ àríyá jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ta ni kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ajuwon? Ọ̀gbẹ́ni oní-táì yẹn alára wà lára wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà, ẹ̀rín àwọn Òyìnbó àti ohùn wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá yọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rín á bá a lọ. Àwàdà Òyìnbó tí kò ní ẹ̀rín nínú sì máa ń ṣe ni láàánú. Ènìyàn á ṣubú lulẹ̀, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, ẹni tó ń wò á ní ó ti kú. Ọgbọ́n tí Alàgbà dá ni pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó to bẹ́ǹṣì sínú yàrá, a ó pe àwọn aládùúgbò, a ó gbé máìkì kọ́ sókè àjà, a ó sì fi eré náà hàn wọ́n pẹ̀lú ohùn Yorùbá. Ẹ̀rín tí wọ́n bá rín la ó gbà sílẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èèwọ̀ ni kí a mú ẹ̀rín inú eré kan sínú òmíràn. "Ibi tí wọn ò bá ti rẹ́rìn-ín, Dúpẹ́, tún un kọ. Bí o bá yá ẹ̀rín lò, olè ni ọ́." Ràṣídì ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ, ó mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mi ò ní fi ìkorò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wá rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó tó Bàbá Rélùwéè. Ìdí ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, á wá gòkè bí jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ jí, á já lójijì, yóò sì kígbe pé, "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé!" Gbogbo ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì wa láti Akute dé Ibafo ló mọ ẹ̀rín náà. Bàbá yìí bí ọkùnrin mẹ́ta, gbogbo wọn rí jẹ, Mowe ni àkọ́bí wọn kọ́ ilé sí. A kì í rí wọn. Nígbà tí bàbá kú lójú oorun, wọ́n wá, wọ́n sì ṣe òkú tí ilẹ̀ mì.

Kò tíì pé oṣù kan tí a sin ín tí iṣẹ́ kan fi dé ọwọ́ mi, èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ láyé mi. Bàbá arúgbó Òyìnbó kan ni, tí ọmọ mẹ́ta ń tì sọ́dọ̀ ara wọn. Gbogbo ilé tó bá kàn, wọ́n á ní àwọn ní àlejò, kó lọ sọ́dọ̀ èkejì. Àpótí aṣọ rẹ̀ á máa já sílẹ̀ lójú títì, àwọn Òyìnbó á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ará Ifọ̀ kò ní fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ẹkún ni wọn ó sun. Mo wá wo ojú bàbá náà dáadáa pẹ̀lú ohùn tí a ti pa, mo rí i pé ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó kàn ń fi wọ́n ṣeré ni. Mo fi ẹ̀fẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ̀fẹ̀ àgbà. Bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, bàbá á kí i kú àlejò.

Ní Sátidé tó yẹ kí àwọn aládùúgbò wá, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán, kò dá. Ẹnikẹ́ni kò wá. Oníbàárà wa ní Ibafo sì fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì kí Iléyá tó dé. Mo sọ fún Ràṣídì, òun nìkan ló wà níbẹ̀, pé kí a dúró de Sátidé mìíràn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ wo ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn. Nígbà tí mo fi padà dé lọ́jọ́bọ̀, kásẹ́ẹ̀tì náà ti jáde, ó ti wọ ilé àwọn ènìyàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ Bàbá Rélùwéè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé sí wa.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi," Alàgbà kí wọn.

"A ò jókòó, sà." Àkọ́bí ló ń sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní, 'Dádì, Bàbá-àgbà ń rẹ́rìn-ín nínú tẹlifíṣọ̀n.' Mo ní kó dákẹ́. Ni mo bá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá inú eré yẹn, bàbá wa á rẹ́rìn-ín. Bàbá tí mo fọwọ́ ara mi sin! 'Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé!' Obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa ní bàbá ń fi wá rẹ́rìn-ín láti ọ̀run. Ìyàwó mi ò lè lọ pọn omi. Kí la ṣe fún un yín tẹ́ ẹ fi jí òkú wa láti fi bú wa?"

Ọmọ tó kéré jù nínú wọn bú sẹ́kún. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo máa ń rò pé ẹ̀san bí wọ́n ṣe pa bàbá wọn tì ló bá wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àánú wọn ṣe mí.

Alàgbà yí sí wa. "Ta ló yá ẹ̀rín lò?"

Ràṣídì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí Dúpẹ́ ni, sà. Kí wọ́n tó lọ sí Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti ní kí n fi ẹ̀rín ti tẹ́lẹ̀ sí i."

"Èmi? Ràṣídì, èmi kẹ̀?"

"Ẹ ní kí iṣẹ́ má dúró, mà."

"Mo ní kí a dúró de Sátidé!"

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè, a dákẹ́. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Dúpẹ́, kó ìwé rẹ."

Àwọn ọmọ náà lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì náà padà, wọ́n dáná sun ún. Bí iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé ṣe jóná nìyẹn. Ní Ifọ̀, wọ́n sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín Òkú. Mo lọ rojọ́ fún Alàgbà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò jáde sí mi. Mo kó wá sí Mowe.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Ní Ibafo, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú máìkì, màá máa fi Yorùbá sọ ohun tí Òyìnbó ń sọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òǹwòran á máa dá àwọn òṣèré lóhùn láti orí ìjókòó: "Má gbà fún un!" "Irọ́ ló ń pa, ìyàwó ẹ mọ̀!" Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi ní ìyára. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì kú, àwo pẹlẹbẹ dé, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ lè da iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ajuwon, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ní, "Màmá, Yorùbá yín ti ki jù, ẹ jẹ́ ká fi Gẹ̀ẹ́sì là á." Ó là á títí kò fi ní adùn kankan mọ́. Mo parí iṣẹ́ mi sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ìlà méjì péré, níbi tí òǹwòran ti ń ka àwàdà tán kí òṣèré tó la ẹnu. Ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ ló dá mi dúró. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ń gé ìṣẹ́jú kan nínú eré Òyìnbó, wọ́n ń fi ohùn ara wọn sí i lórí fóònù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dára. Díẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo gbà.

Nígbà tí Alàgbà Fọlárìn kú, mo lọ. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí, kò sẹ́ni tó fún mi ní àga. Mo wo pósí náà, mo ní nínú ọkàn mi pé bàbá yìí ń gbé irọ́ nípa mi lọ sábẹ́ ilẹ̀, mi ò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́. Mo gbé ìyẹn kiri títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, tí Ràṣídì fi kan géètì mi.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú. Ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Jókòó, Ràṣídì, kí o má lọ kú sí mi lọ́rùn."

Ó jókòó. Ó ní òjò yẹn ló fà á, pé oníbàárà ń dààmú òun, pé òun rò pé ẹ̀rín kò ní orúkọ lára, kò sọ sí òun lọ́kàn pé ti ẹni tó ti kú wà nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ náà wọlé, ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu òun.

"Mo ti mọ gbogbo ìyẹn," mo ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ló ń dùn mí. Bàbá kọ́ mi bí ọmọ. Wọ́n kú, wọ́n sì gbà pé olè ni mí. Ìyẹn lo ṣe fún mi, ìyẹn ni kí o dáhùn sí."

Ó ṣí fìlà. Ó fi sórí orúnkún rẹ̀, ó ń yí i ká.

"Àǹtí, Bàbá ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ kẹta tẹ́ ẹ lọ ni mo ti jẹ́wọ́ fún wọn, mo sunkún lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn ló ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́. Wọ́n ní, 'Dúpẹ́ kàwé, ibi gbogbo ni yóò ti ríṣẹ́. Ìwọ ńkọ́, bí mo bá lé ọ, ta ló máa gbà ọ́?'"